Kí ló dé tí iléeṣẹ́ àwo òyìnbó, Island Records, fi jáwọ́ lọ́rọ̀ Sunny Adé?

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ fi King Sunny Adé (KSA) rọ́pò Bob Marley?

Ohun táwọn oníwèé ìròyìn òyìnbó ń gbé kiri nígbà yẹn nìyẹn. Bob kú ní May 1981, Chris Blackwell tó ni Island ń wá ẹlòmíì, wọ́n mú Sunny, Martin Meissonnier, ọmọ Faransé kan, ló bójú tó bí wọ́n ṣe gba orin ẹ̀ sílẹ̀, bí àwo Juju Music ṣe jáde ní 1982 nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kí ló pa jùjú pọ̀ mọ́ reggae? Gẹ̀ẹ́sì ni Bob fi ń kọrin tiẹ̀. Sunny ń kọ Yorùbá, gángan ń dá a lóhùn lẹ́yìn, ẹni tí ò sì gbọ́ Yorùbá ò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nìlù yẹn ń sọ.

Ṣé orin tí wọ́n tà lókè òkun náà là ń gbọ́ nílé?

Rárá o! Àwo tilé, téèyàn bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó lè tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ojú kan tó tán, orin kan á wọnú òmíì láìsinmi, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde àríyá nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń kì ò tíì náwó tán, ẹ fẹ́ dá orin dúró? Ti Island, orin 7 ni wọ́n gé e sí, òmíì ò ju ìṣẹ́jú 3 àtààbọ̀ lọ. Òmíì sì wà níbẹ̀ tá a ti jó rí tipẹ́, bíi Sunny Ti De.

Gìtá ṣá ni wọn ò bà jẹ́. Ẹ gbọ́ Ja Funmi inú àwo náà dáadáa, ohùn kan wà níbẹ̀ tó ń fà tó ń sunkún, pedal steel nìyẹn, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ gbalaja bíi tábìlì, Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á. Òun náà ló ta á fún Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, nínú àwo Graceland, 1986.

Kí ló wá bàjẹ́?

Synchro System (1983) gbé e dé ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún Grammy. Aura tẹ̀ lé e ní 1984, Stevie Wonder fọn hàmóníkà sí i, síbẹ̀ kò tà bí wọ́n ṣe rò. Sunny fúnra ẹ̀ ti sọ pé òun ò gbà kí wọ́n sọ orin òun di ti òyìnbó, ìyẹn ni Island fi lọ wá ẹlòmíì. Èmi gbà á gbọ́ o, àmọ́ owó náà wà ńbẹ̀, bándì tó pọ̀ tó yẹn, ta ló fẹ́ máa kó wọn káàkiri ayé tí àwo ò bá tà?

Ṣé ó wá jókòó sílé lẹ́yìn ìyẹn ni?

Ìjókòó wo? Látìgbà tóun àti African Songs, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo ẹ̀ jáde nílé tẹ́lẹ̀, ti jà ní 1974 ló ti dá Sunny Alade Records tiẹ̀ sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní Island, àwo ń jáde nílé lọ́tọ̀. Ní 1998 ó ṣe àwo Odù, wọ́n tún fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún Grammy.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Gbọ́ Juju Music tán, kó o wá lọ gbọ́ Ariya Special, àwo tilé, 1982 náà ni. Wàá gbọ́ ohun tí wọ́n gé kúrò.