Ibi tí ọ̀rọ̀ “ọmọ bíbí” ti wọ òfin ipò Ààrẹ wa

Owó ṣílè kan wà nínú agolo tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ ní Láfíàjí. Orí obìnrin kan tó dé adé ló wà lára rẹ̀. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni, wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1926. Ẹni tó bá sọ fún mi pé àjèjì kò jẹ olórí Nàìjíríà rí, owó yẹn ni mo máa ń mú jáde.

Lóru ọjọ́ tí a gba òmìnira, October 1, 1960, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní Race Course, ibi tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square (TBS) báyìí. Ìlú kún, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Síbẹ̀, lójú òfin, Ọbabìnrin ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa. Nnamdi Azikiwe, tó di Gómìnà-Àgbà ní November ọdún náà, aṣojú rẹ̀ ni. Odidi ọdún 3 la fi wà bẹ́ẹ̀. October 1, 1963 la tó kúrò lábẹ́ adé, tí Azikiwe, tí wọ́n bí ní Zungeru, sì di Ààrẹ wa àkọ́kọ́.

Àmọ́ ta gan-an ni ọmọ ilẹ̀ yìí? Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yẹn ti wà l'Ékòó. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú yìí ní 1861, ẹni tí wọ́n bá bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, Olówógbówó tàbí Pópó Àgùdà di ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn wulẹ̀ jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò. Abiyamọ kan lè bí ọmọ kan síbí, kó bí àbúrò rẹ̀ sọ́hùn-ún, kí òfin má sì kà wọ́n sí ọgba.

Òfin 1960 wo ilẹ̀, ó tún wo ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti bí síbí kí òmìnira tó dé di ọmọ Nàìjíríà, bí wọ́n bá bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí àgbà rẹ̀ síbí náà. Ní ti ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn òmìnira, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí tó fún un, àyàfi irú ọmọ aṣojú ìjọba òkèèrè. Òfin tó mọ èèyàn gbà nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin tuntun, wọ́n sì fi Rotimi Williams, lọ́yà ọmọ Èkó, ṣe alága. Òfin tó jáde ní 1979 fi ètò Ààrẹ bíi ti Amẹ́ríkà rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹni tó bá máa dupò Ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Nàìjíríà, kó sì ti pé ọdún 35. Òfin 1999 gbé ọjọ́ orí sí 40. Wọ́n dá a padà sí 35 ní 2018. “Ọmọ bíbí” ò kúrò níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú òfin tiwọn láti 1787. Ní July ọdún yẹn, John Jay kọ lẹ́tà sí George Washington pé kí wọ́n má jẹ́ kí àjèjì rí ipò olórí ogun dì mú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tí àlejò bí sórí ilẹ̀ wọn yege. Lọ́dọ̀ tiwa, lábẹ́ òfin 1979 àti ti 1999, ilẹ̀ nìkan ò tó mọ́ bíi ti 1960, ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ tí òbí Nàìjíríà bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ Ọ̀yìngbò, lè di Ààrẹ. Ẹni tó gbé ibí fún ọdún 15, tó sì gba ìwé ọmọ ìlú, kò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Mo mọ télọ̀ kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Tógò ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1984. Ó fi ìwé ìbí rẹ̀ hàn mí: ó wà nínú ọ̀rá, ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a ti já, ó sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ nígbà méjì. Kò sọ èdè kankan dáadáa ju Yorùbá Èkó lọ.

Mo mọ ìdí tí ilẹ̀ tí òyìnbó ti jọba lé lórí fi máa ń bẹ̀rù àjèjì, mi ò sì fojú kékeré wo ẹ̀rù náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bí síbí, tó dàgbà síbí, gbàpótí. Bí kò bá wu àwa olùdìbò, a ò ní dìbò fún un.

Tí ìdìbò bá ti ń bọ̀, télọ̀ yẹn ló máa ń rán aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú fún gbogbo àdúgbò. Kò ní káàdì ìdìbò. Ará Abẹ́òkúta ni ìyàwó rẹ̀, nítorí náà ọmọbìnrin wọn lè dupò Ààrẹ tó bá pé ọdún 35. Bàbá tó kọ́ ọ ní orin orílẹ̀-èdè wa, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ni kò lè ṣe é.