Awọ Ta Ni Ẹ Fẹ́ Fi Tún Ọmú Mi Ṣe?

Bí obìnrin bá ti gbọ́ pé wọ́n máa gé ọmú òun nítorí jẹjẹrẹ, ìbẹ̀rù kì í sábà jẹ́ kó béèrè ohun tí mo máa ń fẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tó ní òun á tún un ṣe: awọ ta ni ẹ fẹ́ lò?

Bó bá jẹ́ ẹran àti ọ̀rá ikùn tirẹ̀ ni wọ́n mú, ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ bó bá jẹ́ àpò sílíkónì ni, ẹran àyà kì í sábà tó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abala awọ kan ni wọ́n máa ń fi gbà á mú, bí ọ̀já ti ń gba ọmọ mú lẹ́yìn ìyá. AlloDerm, orúkọ ọ̀kan lára irú awọ bẹ́ẹ̀, wá láti ara ẹni tó ti kú, tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ fi awọ náà tọrẹ. Strattice wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀. SurgiMend wá láti ara ọmọ màlúù tó ṣì wà nínú oyún.

Wọ́n á ti fọ sẹ́ẹ̀lì inú awọ náà dànù, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í bá a jà bó ṣe ń bá kíndìnrín ẹlòmíì jà. Fọ́nrán tínńtín-tínńtín ló máa ń kù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà á wá máa gun fọ́nrán yìí bí iṣu ti ń gun igi tí a rì fún un.

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn kan gbà pé fífi awọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ìwòsàn yàtọ̀ sí jíjẹ ẹ́, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìpinnu yín ni, kì í ṣe ti dókítà, ó sì dùn mí gan-an bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ibi tí awọ náà ti wá lẹ́yìn tí wọ́n ti ran ojú abẹ pa.

Ẹ tún béèrè orúkọ awọ náà gan-an. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú awọ wọ̀nyí fún títún ọmú ṣe. Wọ́n ní ó jọ pé ìṣòro bíi kí kòkòrò wọ ojú abẹ, tàbí kí wọ́n tún padà yọ àpò náà, pọ̀ pẹ̀lú FlexHD àti AlloMax ju àwọn yòókù lọ.

Omi tún lè gbá jọ sábẹ́ awọ náà. Sìgá, àtọ̀gbẹ àti ìtọ́jú onítànṣán máa ń dá kún ewu, nítorí náà ẹ má fi èyíkéyìí pa mọ́ fún dókítà. Bí ọmú bá pọ́n tó sì gbóná lẹ́yìn tí ẹ délé, ó lè jẹ́ pé ara ń fèsì sí awọ tuntun lásán ni, ó sì lè jẹ́ kòkòrò. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín lọ́jọ́ náà gan-an.