Bí ìbéèrè dókítà ṣe ń rí ìdáhùn ní ilé ìkàwé ìṣègùn

Tí wọ́n bá dárúkọ ilé ìkàwé ilé ìwòsàn, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni yàrá kan tó pa rọ́rọ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbára dì fún ìdánwò ń sùn lé ìwé lórí. Wọn ò parọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwé tó wà lórí pẹpẹ. Iṣẹ́ náà ni pé kí ìbéèrè tó jáde lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn rí ìdáhùn tó ṣeé gbára lé, kó sì rí i nígbà tí ẹ̀pa ṣì bóró.

Ẹ jẹ́ ká fi UCH Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ E. Latunde Odeku ni wọ́n fi pe ilé ìkàwé ìṣègùn tó wà níbẹ̀, ìyẹn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. 1927 ni wọ́n bí i, ó kàwé ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó padà wá sí Ìbàdàn ní 1962, ó sì kú ní 1974. (Akéwì ni pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé kàwé níbẹ̀ lójoojúmọ́ lè má mọ̀.) Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn olùkọ́ wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló jọ ń lò ó. Ìyẹn ni ọmọ tó ṣì ń kọ́ orúkọ egungun àti ọ̀gá tó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ láti ogún ọdún fi lè jókòó sí tábìlì kan náà.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìṣègùn kì í to ìwé wọn bíi ti àwọn ilé ìkàwé yòókù. Ètò tí Ilé Ìkàwé Ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó wà ní Bethesda, gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ya ìwé sọ́tọ̀: QS ni ti ẹ̀yà ara, QV ni ti oògùn, WG ni ti ọkàn, WQ ni ti oyún àti ìgbẹ̀bí, WS ni ti ọmọdé, WY ni ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń wá ìwé nípa ibà á lọ tààrà sí WC 750. Àwọn ìwé ńlá tí gbogbo kíláàsì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kì í sí lára ìwọ̀nyí, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n ń kó wọn sí. Èèyàn á fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀, á ka ìwé náà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, á sì dá a padà. Ètò yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lásìkò ìdánwò, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ẹnì kan gbé ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì kó sì jókòó tì í.

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ará ìta kì í kà kún iṣẹ́ rárá, ìyẹn yíyọ ìwé kúrò. Ìwé ìtàn lè pẹ́ kó sì máa níyì sí i, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́jú tó ti pẹ́ lè ṣekú pani. Ní 2005, Nàìjíríà pa chloroquine tì gẹ́gẹ́ bí oògùn tí wọ́n á kọ́kọ́ lò fún ibà, ó sì fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀, torí pé kòkòrò ibà ti borí chloroquine. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà tó ń sọ pé chloroquine ni kí wọ́n fún aláìsàn. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó mọṣẹ́ á kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ìwé àtijọ́. Kò rọrùn láti ṣe, torí pé bí àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn bá dé, wọ́n á yẹ ilé ìkàwé wò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí pẹpẹ òun ṣófo nígbà tí kò sí owó láti ra tuntun.

Ìwé ló ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ṣùgbọ́n inú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí ń kọ àbájáde iṣẹ́ wọn sí, ni ìmọ̀ tuntun ti ń kọ́kọ́ jáde, jọ́nà sì wọ́n bí ojú. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ètò Hinari, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lè ka jọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ni. Wọ́n á fún ilé iṣẹ́ náà ní pásíwọ́ọ̀dù, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló sì sábà máa ń wà. Dókítà tó bá gba orí Google lọ síbi jọ́nà lè bá ilẹ̀kùn ní títì, kí wọ́n ní kó san dọ́là kó tó kà á. Bó bá gba ojú ewé Hinari wọlé, àpilẹ̀kọ kan náà lè ṣí sílẹ̀ fún un. Àwọn kan ń ná owó ara wọn sórí ohun tí ilé iṣẹ́ wọn ti ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tipẹ́, nítorí pé wọn ò béèrè. Fún àwọn jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ ní Áfíríkà fúnra rẹ̀, AJOL (African Journals Online), ibi ìkójọ jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 tó sì fi Gúúsù Áfíríkà ṣe ibùjókòó, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àwọn tí ètò wọ̀nyí ń gbàgbé sẹ́yìn ni nọ́ọ̀sì ọsibítù àdáni kékeré àti agbẹ̀bí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní ìgbèríko, tí kò sí ilé ìkàwé kankan lẹ́yìn wọn.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí. Ká ní agbẹ̀bí kan béèrè pé: bí obìnrin bá bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ṣé ó yẹ ká fún un ní tranexamic acid, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù? Bó bá tẹ gbogbo ìbéèrè yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó máa rí á pọ̀ ju ohun tó lè kà lọ, ayédèrú á sì wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á kọ́kọ́ tú ìbéèrè náà sí mẹ́rin. Ta ni aláìsàn? Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe fún un? Tranexamic acid. Kí la fi ń wé e? Ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìsí oògùn yẹn. Àbájáde wo la fẹ́ mọ̀? Bóyá ikú á dín kù.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan PubMed, ibi ìṣàwárí àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkọsílẹ̀ àpilẹ̀kọ tó lé ní mílíọ̀nù 35 ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé láti 1997. Fún ẹ̀jẹ̀ dídà, ẹnì kan lè kọ haemorrhage bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́, kí ẹlòmíì kọ hemorrhage bí àwọn ará Amẹ́ríkà, kí ẹ̀kẹta sì kọ PPH lásán. Ètò ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní MeSH, tó ti wà láti 1960, máa ń kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Postpartum Hemorrhage, kí ẹni tó ń wá nǹkan má bàa pàdánù ìdajì rẹ̀ nítorí lẹ́tà kan. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á fi OR so àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra pọ̀ kí àwọ̀n lè fẹ̀, á fi AND so kókó kan mọ́ òmíràn kó lè sún kì.

Lára ohun tó máa yọ síta ni ìwádìí WOMAN, tí jọ́nà Lancet gbé jáde ní 2017. Àwọn obìnrin tó lé ní 20,000 ló kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú kí wákàtí 3 tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ, bíi 12 nínú 1,000 ni ẹ̀jẹ̀ dídà pa lára àwọn tó gba oògùn náà, ó sì tó bíi 17 nínú 1,000 lára àwọn tí kò gbà á. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, wọn ò rí àǹfààní kankan. Nítorí náà, “bẹ́ẹ̀ ni” lásán kọ́ ni ìdáhùn ìbéèrè agbẹ̀bí yẹn. Aago wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ka àkọlé nìkan kò ní mọ iye wákàtí tó wà lórí aago náà.

Kò sẹ́ni tó ń sáré lọ ilé ìkàwé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Ìbéèrè náà ti gbọ́dọ̀ wáyé ṣáájú, kí ìdáhùn rẹ̀ ti wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kì í sì í pàṣẹ oògùn. Á kó ẹ̀rí jọ, á sọ ibi tó wá a dé àti ọ̀rọ̀ tó fi wá a, á wá fi ìpinnu sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn.

Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n wá a dé hàn kedere ní ìlú Baltimore ní 2001. Nínú ìwádìí kan nípa ikọ́ fée (asthma) ní Yunifásítì Johns Hopkins, wọ́n ní kí àwọn olùyọ̀ǹda tí ara wọn le koko fa oògùn hexamethonium sínú. Ellen Roche, ọmọ ọdún 24, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà. Kì í ṣe pé olùwádìí náà ò wo PubMed kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó, ṣùgbọ́n nígbà yẹn àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò kọjá 1966 sẹ́yìn. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sínú jọ́nà pé oògùn yẹn lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró níjàǹbá. Nígbà tó di oṣù keje, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwádìí tó ń náwó sí níbẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n wá nǹkan, ohun tí wọ́n rí sì jọ pé ó ti pé. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ìṣègùn fi máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa ibi ìṣàwárí èyíkéyìí pé: ọdún wo ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn jọ́nà wo ni kò sì sí níbẹ̀?

Ní àwọn ibì kan, wọn kì í dúró kí ìbéèrè wá bá wọn. Ní 1971, Gertrude Lamb, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tẹ̀ lé àwọn dókítà káàkiri wọ́ọ̀dù ní Kansas City, kí wọ́n lè gbọ́ ìbéèrè létí ara wọn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1992 láàárín àwọn dókítà agbègbè Rochester ní New York, bíi mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn tó dáhùn ló ní ohun tí ilé ìkàwé bá àwọn wá mú káwọn yí nǹkan padà nínú ìtọ́jú aláìsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, irú èyí ò wọ́pọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló wọ́pọ̀, ó sì sábà máa ń bọ́ sí àsìkò tí kò dáa: ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò tíì ní ìbéèrè kankan lọ́kàn. Ìgbà tó bá ti mú àkòrí iṣẹ́ àkànṣe rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n pè é jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Ìyọnu tuntun tó wá dé báyìí ni ìwé tí kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á bi ChatGPT ní nǹkan, yóò sì kó àpilẹ̀kọ jọ fún un pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè má kọ òmíràn nínú wọn rí. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á fi àkọlé rẹ̀ wá nọ́ńbà tí PubMed fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di irọ́, torí ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà kò sí ní PubMed. Á wò ó ní AJOL, á ṣí ojú ewé jọ́nà náà fúnra rẹ̀, á sì wo ojú ìwé tí wọ́n sọ. Bó bá jẹ́ àpilẹ̀kọ míì ló wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ wá ẹ̀rí mìíràn. Bó bá wà lóòótọ́, ó ṣì ku kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n ti wọ́gi lé e, bí Lancet ṣe ṣe ní 2010 sí àpilẹ̀kọ 1998 tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR mọ́ autism. PubMed máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sára irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ pé wọ́n ti wọ́gi lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.