Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ nínú filọ́sọ́fì Íńdíà àti ti Yúróòpù

Bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan, àti ohun tó mú ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn méfò, ni ẹ̀ka filọ́sọ́fì yìí ń yẹ̀ wò. Ní Íńdíà, orí ọ̀nà tí ìmọ̀ ń gbà wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pramana lorúkọ ẹ̀ ní èdè Sanskrit, iye tó jẹ́ gan-an ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ onírònú bíi Charvaka, Nyaya àti Advaita Vedanta. Àwọn Charvaka ní ẹyọ kan ni, ìyẹn ohun téèyàn fi ojú tàbí ara ẹ̀ bá pàdé. Dignaga àti Dharmakirti tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà ní méjì ni, wọ́n fi ti kéèyàn rí èéfín lórí òkè kó sì mọ̀ pé iná ń jó níbẹ̀ kún un. Àwọn Nyaya ní mẹ́rin ni, torí fífi nǹkan wéra wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣeé fọkàn tán náà wà níbẹ̀. Àwọn Advaita Vedanta kà á dé mẹ́fà, ìkan nínú ẹ̀ sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu: téèyàn bá wolẹ̀ tí ò rí ìkòkò níbẹ̀, àìrí yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìmọ̀.

Lápá Yúróòpù, kí ni ìmọ̀ fúnra ẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Plato, onírònú ará Gíríìsì, gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé ẹ̀ Theaetetus bóyá èrò tó jóòótọ́ tó sì ní àlàyé ni, àmọ́ ìwé náà parí láì fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá ọ̀pọ̀ gbà pé ohun téèyàn gbà gbọ́, tó jóòótọ́, tó sì nídìí, ni ìmọ̀, àfìgbà tó di 1963 tí Edmund Gettier ará Amẹ́ríkà fi àpilẹ̀kọ ojú ewé 3 péré hàn pé èèyàn lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó má sì mọ nǹkan kan, kó kàn jẹ́ pé ó bọ́ sí i ni.

Dharmottara, ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Íńdíà, ti sọ irú ẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kẹjọ o. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná láti sun ẹran, èéfín ò tíì yọ, àmọ́ kòkòrò ti gbóòórùn ẹran wọ́n ti rọ́ débẹ̀, ẹni tó wà lókèèrè rí wọn bí wọ́n ṣe ṣú, ó pè wọ́n léèéfín, ó ní iná wà níbẹ̀. Iná wà lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa sọ pé ó mọ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíì ni Íńdíà àti Yúróòpù ti jìnnà síra jù. John Locke, onírònú ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò ka èrò tá a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì sí ìmọ̀, David Hume ní ìrírí ló ń jẹ́ ká gba èèyàn gbọ́, Thomas Reid tí òun àti Hume jọ jẹ́ ará Skọ́tílándì ò gbà fún un, ó ní bí wọ́n ṣe dá wa ló jẹ́ ká máa gba èèyàn gbọ́. Fún Nyaya, ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ohun tó ń sọ dá dúró, kò sí lábẹ́ ìkankan nínú àwọn tó kù. B. K. Matilal tó kọ́ni ní Oxford wà lára àwọn tó mú apá méjèèjì pàdé, ní 1986 ló gbé ìwé Perception jáde.