Ẹ Ju Okùn Sí I, Ẹ Má Bẹ́ Sómi

Òbí á mú ọmọ wá bá mi ní Adó-Èkìtì kí n kọ́ ọ ní ìdóòlà ẹ̀mí lómi, kò tíì jókòó dáadáa, á ti máa bèèrè ìgbà tí ọmọ òun máa dé Olympics. Ìdíje ìdóòlà ẹ̀mí lómi kò sí ní Olympics, ẹ̀yin ará. World Games, ìdíje àgbáyé fún àwọn eré tí kò sí ní Olympics, ló wà, láti èyí tí wọ́n ṣe ní London ní 1985 títí dé ti Chengdu ní 2025. Eré náà sì ní ìdíje àgbáyé tirẹ̀, lọ́dún méjìméjì; Gold Coast ní Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe ti 2024. Mo ti dáhùn, ẹ má bi mí mọ́.

Gbogbo wọn ló fẹ́ kí ọmọ máa wọ ìsàlẹ̀ omi lọ gbé ọmọlangidi jáde, torí ó dùn ún wò. Bí mo bá mú okùn jáde, wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Kóòṣì, ṣé ewúrẹ́ la fẹ́ so ni?" Bẹ́ẹ̀, okùn jíjù wà nínú ìdíje náà gan-an. Ẹnì kejì yín á wà lómi ní mítà 12. Ẹ ó kó okùn jọ, ẹ ó jù ú sí i, ẹ ó sì fà á dé etí púùlù kí ìṣẹ́jú àáyá 45 tó pé. Okùn náà kò ní nǹkan wúwo lórí. Bí ẹ bá ká a ṣákálá, á takókó lókè. Ẹ pín in sọ́wọ́ méjèèjì, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ sì jù ú kọjá orí ẹni náà kó lè bọ́ lé e léjìká. Iwájú rẹ̀ kọ́ o! Ẹni tó ń rì kò lè wá okùn lọ. Bí ẹ bá ń fà á, ẹ lóṣòó, kó má fà yín wọlé.

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ti wí. Àwọn kan sọ ọ́ di àyànmọ́. Àyànmọ́ wo? Ẹni tó ń rì kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Orí ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa gùn.

Mo rí i lẹ́bàá dáàmù kan níhà Mọ̀bà. Ọmọkùnrin kan bẹ́ sómi láti yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn dì mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì ń lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti okùn ọ̀kadà wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Apẹja kan ló fi àjẹ̀ fà wọ́n. Ọ̀rẹ́ náà, ẹni tó kọ́kọ́ ń rì, kò mí mọ́. Wọ́n dì í lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n dorí rẹ̀ kodò kómi lè jáde. Bàbá kan ní Yemọja ń bínú, kí wọ́n lọ ra ẹyẹlé. Mo tì wọ́n sẹ́yìn. Mo tẹ́ ọmọ náà gbalaja, mo fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí n tó máa tẹ àyà rẹ̀. Ẹni tómi gbé, èémí ló kọ́kọ́ nílò. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ó bì, ó sì mí.

Títí dòní ni bàbá yẹn ń sọ káàkiri pé ọfọ̀ òun ló jí ọmọ. Ó sì gba owó ẹyẹlé lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà.