Ráìdì Tó Wúwo: Ohùn Tí Àwọn Onílù Rọ́ọ̀kì Ń Wá Nínú Idẹ

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa Yorùbá ń lọ ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya níbí ní Àbújá, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi jìtá olóhùn líle kọ orin ìyìn, débi pé orin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di rọ́ọ̀kì gan-an. Láti ìgbà náà ni àwọn onílù wa ti ń béèrè ohun tí à ń pè ní ráìdì tó wúwo, àti ohun tí ìwúwo ní í ṣe pẹ̀lú ohùn. Ìbéèrè náà yẹ fún àlàyé, nítorí pé èrò tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn nípa rẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Ráìdì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn awo idẹ tí ó wà lára ìlù òyìnbó. Aro ni Bíbélì Yorùbá pe irú wọn nínú Sáàmù 150. Símbà ni àwa onílù ń pè wọ́n. Kíráàṣì wà fún ariwo ẹ̀ẹ̀kan tí a fi ń ṣí ẹsẹ orin, ṣùgbọ́n ráìdì ni ọwọ́ onílù ń wà lórí rẹ̀ láti ìlà dé ìlà, tí ó ń ka ìgbésẹ̀ orin fún gbogbo àwọn tó kù. Iṣẹ́ tí agogo ń ṣe láàárín àwọn ìlù ilẹ̀ wa náà ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onílù jáàsì bíi Kenny Clarke ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ìgbésẹ̀ orin ní àwọn ọdún 1940, kí rọ́ọ̀kì tó dé rárá. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín íǹṣì 20 sí 22, bó tilẹ̀ jẹ́ pé John Bonham, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin, lo ọ̀kan tí ilé iṣẹ́ Paiste ṣe, tó fẹ̀ tó íǹṣì 24.

Nígbà tí a bá wá sọ pé ráìdì wúwo, ohun tí à ń sọ ni pé idẹ rẹ̀ nípọn. Awo méjì lè jọ fẹ̀ ní íǹṣì 22, kí ọ̀kan má tó kílò 2 ààbọ̀, kí èkejì sì kọjá kílò 3. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí tó wúwo ni yóò ní ohùn ìsàlẹ̀, nítorí pé ìyáàlù tóbi ju omele lọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti omele. Lórí idẹ, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ ni ó ń mú ohùn awo wálẹ̀. Nínípọn ń gbé e sókè. Ẹni tó bá mọ gángan yóò tètè lóye ìdí rẹ̀: bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, awọ a le, ohùn a sì lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a rọ̀. Idẹ tó nípọn dà bí awọ tí a ti fún tán. Ó le, kì í tètè tẹ̀, nítorí náà kíákíá ni ó ń gbọ̀n, ohùn tó sì ń jáde lára rẹ̀ ga, ó sì mọ́ gooro.

Bí igi bá kan ráìdì, ohùn méjì ni ó máa ń jáde. Èkíní ni ti orí igi fúnra rẹ̀, tí ó ń dún pín-ín, kedere. Èkejì ni ṣàà tó ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ lórí páànù. Lórí awo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣàà náà ń yára dìde, bí a bá sì ń lù ú léraléra, yóò bo pín-ín mọ́lẹ̀. Èyí dára fún orin jẹ́jẹ́, nítorí pé ó máa ń fi aṣọ bo gbogbo ohùn tó kù. Lórí awo tó wúwo, pín-ín ló máa ń ṣáájú, ṣàà a sì dúró sẹ́yìn, kí lílù kọ̀ọ̀kan tí igi bá lù ú lè dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, kókó ọ̀rọ̀ nìyí. Kì í ṣe nítorí ariwo nìkan ni àwọn onílù rọ́ọ̀kì ṣe ń ra ráìdì tó wúwo. Kí a lè ka ìlù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Mo kọ́ èyí ní òru ìyìn kan tí mo lù ní Kubwa. Ráìdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni mo gbé lọ, ó sì dùn púpọ̀ nígbà tí a ń dánrawò láìsí ẹ̀rọ. Nígbà tí jìtá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í hó pọ̀, gbogbo ohun tí mo ń lù di ṣàà kan ṣoṣo, ohùn jìtá sì gbé e mì. Olórí akọrin yíjú sí mi, ó ń fi ọwọ́ béèrè ibi tí orin wà. Bí mo ṣe ń fi agbára kún un ni ó túbọ̀ ń rú lójú.

Àárín ráìdì yọ sókè bí iké, ibẹ̀ sì ni à ń pè ní bẹ́ẹ̀lì. Lára ráìdì tó wúwo, bẹ́ẹ̀lì sábà máa ń dún bí agogo gidi, pàápàá bí a bá fi ọrùn igi lù ú dípò orí rẹ̀. Ohun tí a fi ṣe idẹ náà tún ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìdá 100, idẹ àtayébáyé tí ilé iṣẹ́ Zildjian, tó bẹ̀rẹ̀ ní Constantinople ní 1623, fi di olókìkí jẹ́ bàbà 80 àti tánńganran 20. Ohùn rẹ̀ kún, ó sì ní ìpele púpọ̀. Èyí tí Paiste ti Switzerland fi ń ṣe ẹ̀yà 2002 rẹ̀ jẹ́ bàbà 92 àti tánńganran 8, ohùn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ síi.

Ráìdì tó wúwo ní àléébù tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í tètè tàn kálẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lu etí rẹ̀ bíi kíráàṣì yóò rí i pé ó lọ́ra, yóò sì máa dún pẹ́ lẹ́yìn tí kò yẹ kó dún mọ́. Nínú gbọ̀ngàn kékeré tí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, ó lè máa gún etí àwọn tó jókòó níwájú, kò sì yẹ kí a fi irú rẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó wà láàárín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti èyí tó wúwo ti tó. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ mú igi tirẹ̀ dání lọ sọ́jà, kí ó ní kí ẹlòmíràn lù ú, kí òun fúnra rẹ̀ sì rìn jìnnà tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, nítorí pé ohùn tí onílù ń gbọ́ lábẹ́ imú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ìjọ. Bí ó bá ṣì lè ka ìlù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀, tí kò sì rí sísán kankan létí awo, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.