Bí Imí Ọjọ́ Ṣe Di Ásíìdì Bátìrì

Imí ọjọ́ tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà Ọba l'Ádó-Èkìtì, tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ dúdú nítorí ara yíyún, òun náà ni ìyá ásíìdì inú bátìrì. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń sun ún pọ̀ mọ́ iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ètù ìbọn, tí wọ́n á jẹ́ kí èéfín rẹ̀ wọnú omi, kó lè di ásíìdì. Ní 1736, Joshua Ward ń ṣe é tà nítòsí Lọ́ńdọ̀nù nínú ìgò ńláńlá.

Ìgò ń fọ́. Irin ò sì ṣeé lò, nítorí ásíìdì tí omi bá wà nínú rẹ̀ á máa jẹ ẹ́, á máa hó, gáàsì haidirójìn á máa tú jáde. Bó ṣe ń jẹ sínkì nìyẹn pẹ̀lú. Òjé ló ya èèyàn lẹ́nu. Ásíìdì náà á bù ú jẹ díẹ̀, àmọ́ ojú ibi tó jẹ á di èépá funfun tí kì í yọ́ sómi, èépá yìí á sì dáàbò bo òjé tó kù. Ohun tí John Roebuck rí nìyí tó fi kọ́ yàrá òjé sí Birmingham ní 1746. Látìgbà náà ni ásíìdì ti pọ̀ lọ́jà, tówó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Ní 1831, Peregrine Phillips, oníṣòwò fínígà ní Bristol, lo platinum, irin olówó iyebíye kan, láti fi ṣe ásíìdì tó lágbára ju ti yàrá òjé lọ. Irú èyí ni tíṣà kẹ́mísìrì ń dà sórí ṣúgà ní ilé ẹ̀kọ́ girama: á fa omi inú rẹ̀ yọ, ṣúgà á dúdú, á wú sókè, èédú ló máa kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi omi là á, inú omi ni kí ẹ máa da ásíìdì sí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi sórí ásíìdì láé! Ooru rẹ̀ lè mú un ta sí yín lójú.

Ọdún 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ki òjé bọ inú ásíìdì, tó sì di bátìrì tó ṣeé ṣájì. Èépá funfun yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí iná bá ń jáde, ásíìdì á lẹ̀ mọ́ pléètì, omi á pọ̀ sí i, bí a bá ṣájì í, ásíìdì á tú padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbátìrì l'Ádó fi ń ti haidirómítà, ohun tí wọ́n fi ń wo bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe wúwo tó sí omi lásán, bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń wá 1.28 (omi lásán jẹ́ 1) kí wọ́n tó ní ó ti kún. Bó bá sì gbẹ, omi ló lọ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Omi mímọ́ tí kò níyọ̀ ni kí wọ́n bù kún un.